Ẹ́ńjìnnì Kò Mojú Omi: Àlàyé lórí Bí Onígbàgbọ́ Ṣe Ń Dàgbà nínú Ẹ̀mí

Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ní Igbókọ̀dá, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ tiwa, láàárọ̀, kó sì ti dè é mọ́ ìdí ọkọ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Láti ọ̀sán ọjọ́ náà, ọkọ̀ rẹ̀ á máa sáré ju ti bàbá arúgbó tó ń fi àjẹ̀ wakọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá dé ẹnu òkun, níbi tí ìgbì ti ń ya lura, bàbá arúgbó yẹn ló mọ ìgbà tó yẹ kí a dúró, ìgbì tó yẹ kí a jẹ́ kó kọjá, àti ibi tí yanrìn ti ga lábẹ́ omi. Ẹ́ńjìnnì kò lè sọ ọ̀kankan nínú ìyẹn fún ẹni tó rà á. Bó bá gbójú lé e, omi lè gbé òun àti ẹ́ńjìnnì tuntun náà lọ pọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ nípa ẹnì kan pé, "Ẹni ẹ̀mí ni, ó ti dàgbà nínú Olúwa." Bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀, ìdáhùn tí wàá gbọ́ kì í ju mẹ́ta mẹ́rin lọ. Ó ń ríran. Ó ń fi èdè àjèjì gbàdúrà. Wọ́n ti fi òróró yàn án. Láti kékeré ló ti wà nínú ìjọ. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, kí ẹni náà má sì tíì dàgbà rárá, torí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń tọ́ka sí. Mo ti rí onígbàgbọ́ tó ń da ara rẹ̀ láàmú pé òun kò dàgbà nítorí pé òun kò ríran rí. Mo sì ti rí ẹlòmíràn tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù nítorí pé ó ń ríran. Àwọn méjèèjì ni mo ń kọ èyí fún.

Ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ "pípé"

Ọ̀rọ̀ kan ló bí púpọ̀ nínú ìdàrúdàpọ̀ náà. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, iṣẹ́ tí odidi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, wọ́n bá ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan pàdé, teleios. Àwọn Gíríìkì máa ń lò ó fún àgbàlagbà tó ti kúrò ní ọmọdé, tàbí fún ohun tó ti dé ibi tí a ṣe é fún. "Pé" àti "pípé" ni àwọn atúmọ̀ fi sí i ní ọ̀pọ̀ ibi.

Wọn kò ṣe àṣìṣe. Etí tiwa ló ṣe é. Bí a bá gbọ́ "ẹni pípé", ohun tó ń bọ̀ sí wa lọ́kàn ni ẹni tí kò ní àbùkù kankan, tí kì í bínú, tí kì í ṣì í sọ. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oyún tó pé oṣù kò túmọ̀ sí pé ọmọ inú rẹ̀ kò ní ṣàìsàn láé. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé àsìkò ti tó fún un láti wá sáyé, gbogbo ẹ̀yà ara tó yẹ kó ní ló ti ní. Owó tó pé ni owó tó tó ra ohun tí a fẹ́ fi í rà.

Ẹ wo bí Pọ́ọ̀lù ṣe lò ó nínú ìwé tó kọ sí àwọn ará Fílípì, orí 3. Níbẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ pé òun kò tíì dé ibi tí òun ń lọ, òun kò tíì pé, òun ṣì ń lépa. Kò ju ẹsẹ mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tó fi ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tó pé. Bó bá jẹ́ pé àìlábàwọ́n ni pípé, a jẹ́ pé Pọ́ọ̀lù ta ko ara rẹ̀ nínú ojú ìwé kan ṣoṣo. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó ti dàgbà ni ẹni tó mọ̀ pé òun kò tíì dé, tí kò sì jókòó.

Bí ẹ bá ní kí n sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, màá ní: onígbàgbọ́ tó dàgbà ni ẹni tí ìwà Kristi ti mọ́ lára débi pé òun ló ń kọ́kọ́ jáde nígbà tí kò ráyè ronú. Ẹnu òkun ni a ti ń mọ awakọ̀. Ibi tí ìbínú ti dé lójijì, tí owó tí ẹnikẹ́ni kò kà wà lọ́wọ́ wa, tí ẹni tó ṣẹ̀ wá wá bọ́ sí wa lọ́wọ́, ibẹ̀ ni a ti ń mọ onígbàgbọ́.

Ẹ̀bùn yàtọ̀ sí èso

Ìjọ Kọ́ríńtì ni ẹ̀rí tó lágbára jù tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní orí kìn-ín-ní ìwé àkọ́kọ́ tí Pọ́ọ̀lù kọ sí wọn, ó gbà pé kò sí ẹ̀bùn ẹ̀mí kan tí wọn kò ní. Wọ́n ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, wọ́n ń fọ èdè, ìwòsàn wà láàárín wọn. Nígbà tí yóò fi dé orí 3, ó ti ń pe àwọn ènìyàn kan náà ní ọmọ ọwọ́ tí wàrà ṣì ni oúnjẹ wọn. Kí ló rí? Owú, asọ̀, àti ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ lórí oníwàásù tí kálukú fẹ́ràn. Wọ́n ń pe ara wọn lẹ́jọ́ níwájú àwọn aláìgbàgbọ́. Níbi oúnjẹ Olúwa, ẹnì kan ń yó kọjá àyè, ebi ń pa ẹnì kejì tó jókòó tì í.

Ìyẹn ni pé ìjọ lè kún fún ẹ̀bùn títí dé ẹnu, kí ó sì jẹ́ ìjọ ọmọ ọwọ́. Ẹ̀bùn ni a ń fúnni. Bí orúkọ rẹ̀ ti rí náà nìyẹn, ó lè dé ní ọjọ́ kan. Èso ni ó ń hù, tí ó ń tanná, tí ó ń gbó. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń ka èso Ẹ̀mí fún àwọn ará Gálátíà, ìfẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì parí rẹ̀ sí ìkóra-ẹni-níjàánu, mẹ́sàn-án lápapọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí a lè fi han àwùjọ ní alẹ́ ìṣọ́ òru kan ṣoṣo. Sùúrù kò ṣeé jẹ́rìí sí ní ọjọ́ kan, ó dìgbà tí ènìyàn bá báni gbé.

Jẹ́ kí n mú un wá sí etí omi. Ká ní wòlíì kan wà nínú ọkọ̀ àwọn apẹja. Ó ríran pé kí wọ́n má lọ sójú òkun ní ọjọ́ báyìí, wọ́n gbọ́, ìjì sì jà lóòótọ́. Gbogbo ìlú á bọ̀wọ̀ fún un, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n lọ, wọ́n pa ẹja bọ̀, àsìkò pínpín dé. A ó kọ́kọ́ yọ owó epo, a ó yọ ti ẹ́ńjìnnì àti àwọ̀n, kí a tó pín ìyókù láàárín àwọn atukọ̀. Bí wòlíì náà bá fi owó lé iye epo tó rà kí ìpín àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi ọwọ́ fa àwọ̀n lè kéré, ìran tó rí kò di irọ́. Ìran náà ṣẹ. Ṣùgbọ́n ibi pínpín ẹja yẹn ni a ti mọ bó ṣe dàgbà tó, kì í ṣe ibi ìran.

Mi ò sọ pé kí a má fẹ́ ẹ̀bùn. Ẹni tó ń lọ sójú òkun kì í kọ ẹ́ńjìnnì, ìjọ tó sì kọ ẹ̀bùn Ọlọ́run fi nǹkan rere du ara rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti lágbára tó ni àìmojú omi ẹni tó ń wà á ṣe léwu tó.

Oyè ìjọ náà rí bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Oyè ń sọ iṣẹ́ tí a gbé lé ènìyàn lọ́wọ́, kò sọ bí ó ṣe dàgbà tó. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún Tímótì pé kó má ṣe kánjú gbé ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni, kí ó má sì fi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ ṣe alábòójútó, kí ìgbéraga má baà gbé e ṣubú. Bí oyè bá máa ń mú ènìyàn dàgbà ni, ìkìlọ̀ yẹn kò nídìí.

Ohun tí Ayétòrò kọ́ wa

A kò lè sọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ Ìlàjẹ kí a má kan Ayétòrò. Ní ọdún 1925, Mósè Orímóládé Túnọ̀láṣe, ọmọ Ìkàrẹ́, àti Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ kan ní Èkó tó wá di Kérúbù àti Séráfù. Ẹgbẹ́ aládùúrà náà tàn dé etí omi wa. Àwọn kan lára wọn níbí lòdì sí àwọn àṣà ìbílẹ̀ kan, inúnibíni dìde sí wọn, ní ọdún 1947 ni wọ́n sì lọ tẹ ìlú tiwọn dó sí etí òkun gan-an, lórí ẹrẹ̀ àti omi. Ìlú náà ni Ayétòrò, ìlú Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́.

Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kò sí ẹni tó ń gba owó iṣẹ́. Ẹja tí wọ́n pa, àpò gbogbo ìlú ló ń lọ, láti inú àpò náà ni oúnjẹ àti aṣọ kálukú ti ń jáde. Wọ́n ń kan ọkọ̀ tiwọn, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń ṣe búrẹ́dì, iná mànàmáná sì tàn sí ìlú wọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tó tóbi jù ú lọ ṣì ń tan àtùpà. Stanley Barrett, onímọ̀ ará Kánádà kan tó wá gbé láàárín wọn, kọ ìwé nípa wọn tó jáde ní ọdún 1977. Lára ohun tó kọ sílẹ̀ ni pé ìgbàgbọ́ wà láàárín wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni mímọ́ tó dúró nínú ìlú náà kò ní kú. Nígbà tó di ọdún 1968, ètò pé gbogbo nǹkan jẹ́ ti gbogbo ìlú yí padà, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀.

Àwọn kan ń fi ìtàn yìí ṣe ẹlẹ́yà. Èmi kò bá wọn ṣe é. Àwọn tó tẹ Ayétòrò dó mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìjọ òde òní ti gbàgbé: ìgbàgbọ́ tí kò bá dé ibi iṣẹ́, ibi oúnjẹ àti ibi owó kò tíì dé ibi kankan. Wọ́n mọ̀ pé ènìyàn kì í dá dàgbà. Níbi tó kù sí, lójú tèmi, ni pé ètò dáadáa lè pèsè ilẹ̀, kò lè dípò híhù. Ẹni tó fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ ní 1947 ti san nǹkan kan. Ọmọ tí a bí sínú ìlú náà bá a nílẹ̀ ni. Aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀, oúnjẹ kan náà ni wọ́n jẹ, síbẹ̀ ọmọ náà ṣì ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ìrìn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti ìgbàgbọ́ pé a kò ní kú, ọ̀rọ̀ "pípé" ni ó tún padà dé ní ọ̀nà mìíràn: wọ́n rò pé ẹni tó dàgbà ti dé òpin. Ìdàgbà nínú Kristi kì í gba ènìyàn lọ́wọ́ ikú ara, kì í sì í gbà á lọ́wọ́ òkun. Òkun tó wà níwájú ìlú náà ti gba ilé tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀

Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ẹja ni ìdàgbà ẹ̀mí ṣe ń lọ. Ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, omi ni wọ́n máa ń ní kó gbọ́n dànù. Lẹ́yìn náà ni yóò mú àjẹ̀. Yóò kọ́ bí a ṣe ń di ojú àwọ̀n tó ya, yóò kọ́ bí a ṣe ń jù ú, yóò wá máa wo ojú ọ̀run àti àwọ̀ omi. Ẹnikẹ́ni kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu parí ẹ̀kọ́ náà fún un ní ìjókòó kan.

Àtúnbí ni wíwọ ọkọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò bá wọ ọkọ̀ kò lè kọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé ibẹ̀ náà ló parí sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oúnjẹ kàn: kíka Bíbélì àti gbígbọ́ ọ, wàrà ní ìbẹ̀rẹ̀, oúnjẹ líle nígbà tó bá yá. Ẹni tó kọ ìwé sí àwọn Hébérù sọ ohun kan nípa oúnjẹ líle yìí tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Ó ní àwọn tí ó wà fún ni àwọn tó ti fi lílò kọ́ ọkàn wọn láti mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Lílò ni ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì níbẹ̀. Oúnjẹ líle kì í ṣe àṣírí ìjìnlẹ̀ tí a fi pa mọ́ fún àwọn wòlíì. Ìwàásù kékeré tí o gbọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi tí o sì fi dárí ji àbúrò rẹ ní ọjọ́ Ajé ti di oúnjẹ líle nínú rẹ. Èyí tó jinlẹ̀ jù lọ tí o kàn gbọ́, tí o sì tún sọ fún ẹlòmíràn, wàrà ṣì ni.

Ìbáwí tún wà níbẹ̀, èyí tí a kì í fẹ́. Àpólò jẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó mọ ìwé mímọ́ dáadáa, síbẹ̀ nígbà tí Pìrìsílà àti Ákúílà, tọkọtaya tó ń pa àgọ́, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti la ọ̀nà Ọlọ́run yé e sí i, ó gbà. Pétérù náà, lẹ́yìn ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ ìyanu, Pọ́ọ̀lù bá a wí lójú gbogbo ènìyàn ní Áńtíókù nítorí pé ó ń bẹ̀rù ojú ayé. Bí Pétérù bá ṣì nílò ìbáwí, kò sí ẹni tó dàgbà kọjá ìbáwí nínú ìjọ wa.

Ìdánwò ni ó gùn jù. Àwọn ìyá wa tó ń yan ẹja mọ̀ pé iná tó bá ń jó fòò kì í yan ẹja dáadáa. Ara á jó, inú á sì tutù, kò ní pẹ́ bàjẹ́. Èéfín díẹ̀díẹ̀ àti iná tí kò pọ̀ ni ó ń gbẹ ẹja wọ egungun, tí a fi lè gbé e lọ sí ọjà tó jìnnà. Ọlọ́run kì í kánjú pẹ̀lú àwọn tirẹ̀. Pọ́ọ̀lù lo ọdún 3 lẹ́yìn ìpè rẹ̀ kó tó gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù láti rí Pétérù, ó sì tún mẹ́nu kan ọdún 14 mìíràn.

Ẹ wo Crowther tiwa. Wọ́n mú un lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó ṣe ìrìbọmi ní Sàró ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825. Ọdún 1843 ni wọ́n tó fi jẹ àlùfáà, ọdún 1864 ni ó di bíṣọ́ọ̀bù. Láàárín ìrìbọmi àti bíṣọ́ọ̀bù, ó lé ní ọdún 38. Ó ń kọ́ ọmọ ilé ìwé, ó ń túmọ̀ Bíbélì, ó bá àwọn tó gòkè odò Ọya ní 1841 lọ, nínú ìrìn àjò tí ibà ti pa ọ̀pọ̀. Ẹnu òkun tirẹ̀ dé nígbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé bá iṣẹ́ rẹ̀ lórí odò Ọya, wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, wọ́n dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀. Ó sọ ohun tó dùn ún, ó sì kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà sílẹ̀, torí ìdàgbà kò sọ pé kí ènìyàn má sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá rẹ́ ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n kò fi Olúwa rẹ̀ sílẹ̀, kò sì fi ìjọ sílẹ̀, títí tó fi kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891.

Mo fẹ́ ṣọ́ra níbí yìí. Ìyà fúnra rẹ̀ kì í mú ẹnikẹ́ni dàgbà. Iná kan náà tó gbẹ ẹja kan ti sọ òmíràn di èédú, mo sì mọ àwọn tí ìyà sọ di oníkanra títí di òní. Ẹni tí òkun gba ilé rẹ̀ ní àná, má lọ bá a kí o sọ pé Ọlọ́run ń kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́. Lọ bá a gbé ẹrù. Bó bá rí i pé àwọn ará wá, tí wọ́n fún un ní ibi tí yóò sùn, ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti lè rí ilẹ̀ ta gbòǹgbò sí, tìrẹ náà yóò sì dàgbà.

Ta ló ń mú un dàgbà?

Àwọn kan ní Ọlọ́run ni, nítorí náà wọn kò ṣe nǹkan kan. Àwọn kan ní tiwa ni, wọ́n wá ń fi ààwẹ̀ lu ara wọn bí ẹni ń lu bàrà. Apẹja kankan kò lè mú omi kún. Ṣùgbọ́n apẹja tó sùn nígbà tí omi kún, ọkọ̀ rẹ̀ yóò wà lórí ẹrẹ̀ nígbà tí omi bá fà. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ ní ti oko: òun gbìn, Àpólò bomi rin ín, Ọlọ́run ló mú un hù. Àdúrà, Bíbélì, ìpàdé pẹ̀lú àwọn ará, iṣẹ́ ìfẹ́, gbogbo rẹ̀ kò ju títi ọkọ̀ sójú omi lọ. Ẹni tó ti ọkọ̀ kò lè fi yangàn pé òun ló mú omi kún.

Bó o bá wá fẹ́ mọ ibi tí o dé, má lọ béèrè lọ́wọ́ aríran. Béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ tàbí ọkọ rẹ. Béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó ń bá ọ yan ẹja, lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fa àwọ̀n nínú ọkọ̀ rẹ, lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ọ́ lówó tí kò sì tíì rí i san. Bi wọ́n pé, "Ṣé mo sàn ju bí mo ṣe wà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn?" Jọ̀wọ́, jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán kí o tó dáhùn.